Iná Ẹ̀yìn Ọkọ̀ Ẹgbẹ́ Wa: Ṣé Iṣẹ́ Ayé Ni?

Ọ̀pọ̀ nínú yín ló ti gbọ́ oríṣiríṣi nípa ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọkọ̀ ẹgbẹ́ wa ní oṣù Èrèlé ọdún 2024, nígbà tí a ń lọ síbi ìkómọjáde ní Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn kan ní ńṣe ni ọkọ̀ náà gbiná. Àwọn kan ní ọlọ́pàá ló gbà á lọ́wọ́ wa. Ẹnìkan tilẹ̀ pè wá láti Manchester pé òun gbọ́ pé inú igbó la sùn mọ́jú. Kò sí èyí tó jẹ́ òótọ́ nínú gbogbo rẹ̀. Àwa tí a wà nínú ọkọ̀ náà la jókòó kọ ìwé yìí, kí ẹ lè gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tí ọ̀rọ̀ ṣojú wọn, kí ẹ sì rí ẹ̀kọ́ kọ́ nípa iná ọkọ̀. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè.

Bí Ọ̀rọ̀ Ṣe Bẹ̀rẹ̀

Ọkọ̀ ẹgbẹ́ wa, gẹ́gẹ́ bí ẹ ti mọ̀ ọ́n, jẹ́ ọkọ̀ elérò méje tí a fi owó tí gbogbo wa ń dá lóṣooṣù rà ní àlòkù. Irú ọkọ̀ tí wọ́n ń pè ní tòkunbọ̀ nílé ni, àfi pé tiwa kò tí ì rí òkun sójú. Ó ti lo ọdún 14 lórí títì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì ti jẹ iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú ọ̀nà nígbà yìnyín ju èyí tí gbogbo wa jẹ nínú ọbẹ̀ lọ. Ẹ fi ọ̀rọ̀ iyọ̀ yìí sọ́kàn, nítorí a ó padà sí i.

Ní bí ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ìrìn àjò náà, a ti ṣàkíyèsí pé iná ẹ̀yìn apá òsì ń ṣe ségesège. A gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì kan. Kò tú nǹkan kan wò, kò sì fi nǹkan kan wọ̀n ọ́n. Ó kàn ní kí á ra odindi iná ẹ̀yìn tuntun, pé gbogbo rẹ̀ yóò jẹ́ 240 pọ́ùn. Owó tó wà lápò ẹgbẹ́ kò tó ìdajì rẹ̀. A dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, a wa ọkọ̀ wa padà sílé, a sì ń tu ara wa nínú pé níwọ̀n ìgbà tí iná náà ṣì ń tàn díẹ̀díẹ̀, kò tí ì burú. Àṣìṣe wa àkọ́kọ́ nìyẹn, ẹ jẹ́ kí á tètè jẹ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, àwa mẹ́fà gbéra láti Leeds. A kó gángan méjì, kúlà oúnjẹ mẹ́ta, ẹ̀rọ agbóhùnsókè kan àti aṣọ àṣọ̀ẹ̀bí sẹ́yìn ọkọ̀. Ilẹ̀ ti ṣú, òjò sì ń ṣẹ́ wẹ́wẹ́. A ti bọ́ sórí M1, a wà ní ọ̀nà àárín, a sì fẹ́ yà padà sí ọ̀nà apá òsì. A tan tíráfíkétọ̀ òsì gẹ́gẹ́ bí òfin ti wí. Bí a ṣe ń yà báyìí ni tírélà kan tó ń bọ̀ lápá òsì fun fèrè tó fẹ́ẹ̀ẹ́ fọ́ wa létí, tó tan iná gbòò sí wa, tó sì fi agbára tẹ bíréèkì. Awakọ̀ wa yí ọwọ́ padà kíá. Ohun tó wà láàárín ẹ̀yìn ọkọ̀ wa àti imú tírélà náà kò ju ọ̀pá díẹ̀ lọ. Orin tí a ń kọ dákẹ́. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ mọ́ títí tí a fi yà sí ibùdó ìsinmi tí wọ́n ń pè ní Woolley Edge, nítòsí Wakefield.

A kọ́kọ́ rò pé awakọ̀ tírélà ló ya aláìlẹ́kọ̀ọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀, tí ẹnìkan dúró sẹ́yìn ọkọ̀, tí awakọ̀ wa sì ń tan iná lọ́kọ̀ọ̀kan, ojú tì wá. Bí a bá tan iná alẹ́ nìkan, ti ọ̀tún mọ́lẹ̀, ti òsì rí bí ẹyin iná tó fẹ́ kú. Bí a bá tẹ bíréèkì, ti ọ̀tún pọ́n dáadáa, ti òsì kàn pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, tíráfíkétọ̀ òsì tí ẹnikẹ́ni kò tàn sì tún ń yọjú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí a bá wá tan tíráfíkétọ̀ òsì, agbára káká la fi ń rí àwọ̀ ọsàn rẹ̀, tí iná alẹ́ pupa sì ń kú ní gbogbo ìgbà tí ó bá ṣẹ́jú. Ẹni tó wà lẹ́yìn wa kò lè mọ̀ pé a fẹ́ yà rárá. Awakọ̀ tírélà náà kò jẹ̀bi. Òun gan-an ló gbà wá.

Àríyànjiyàn Ní Woolley Edge

Ẹ ó rántí pé àwa mẹ́fẹ̀ẹ̀fà jẹ́ ẹni tó ti gboyè yunifásítì, tí a sì tún ń wá oyè kejì tàbí ẹ̀kẹta. Ọ̀kan nínú wa ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ. Òun ló kọ́kọ́ pààrọ̀ gílóòbù. A ní àfikún nínú ọkọ̀. Kò yí padà. Ó yẹ fíúsì wò, kò jó. Ó wá jókòó, ó ń ya àwòrán sórí bébà ìnuwọ́, ó sì ń pe orúkọ àwọn òyìnbó tó ṣe òfin iná mànàmáná. Iná ẹ̀yìn ọkọ̀ kò dá wọn mọ̀.

Arábìnrin kan nínú wa wá mí kanlẹ̀, ó ní, "Ẹ jẹ́ kí á sọ òótọ́ ọ̀rọ̀. Iṣẹ́ ayé ni. Ẹnìkan ò fẹ́ ká dé ìkómọ yìí." Àwọn méjì ní kí á máa lọ bẹ́ẹ̀, kí á rọra máa rìn lápá òsì títí a ó fi dé, nítorí aago mẹ́jọ àárọ̀ ni wọn yóò sọmọ lórúkọ, ọ̀dọ̀ wa sì ni ìlù wà. Àwọn méjì ní àwọn kò ní wọ ọkọ̀ tí ẹni ẹ̀yìn kò lè rí. Ohùn bẹ̀rẹ̀ sí lọ sókè. Ní ìkẹyìn, a pinnu pé kí á pe bàbá ọmọ fúnra rẹ̀ lórí fóònù, kí á tọrọ àforíjì. A kò rántí pé kí ẹ̀gbọ́n wa yìí tó wọ yunifásítì, ó ti fi ọdún mẹ́ta kọ́ṣẹ́ rìwáyà ní Ìbàdàn.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ káalẹ́ sà, ẹ kú ọwọ́ lómi. Woolley Edge la wà sà. Iná ẹ̀yìn ọkọ̀ ń dà wá láàmú, tírélà sì fẹ́ẹ̀ẹ́ gbá wa."

"Ṣé gbogbo yín wà láàyè?"

"A wà sà."

"Ẹ ṣeun. Ẹ má tíì gbéra. Ọmọ á gba orúkọ rẹ̀ láàárọ̀ ọ̀la, yálà ẹ bá a tàbí ẹ ò bá a. Mi ò lè torí ìlù gba òkú yín. Ó yá, ẹ sọ ohun tí iná náà ń ṣe fún mi. Ẹ má sọ ohun tí ẹ rò pé ó fà á o. Ohun tó ń ṣe nìkan ni kí ẹ sọ."

A ròyìn gbogbo rẹ̀. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní, "Ayé ni."

Arábìnrin wa fò sókè: "Mo sọ fún yín!"

Ẹ̀gbọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Àbúrò, kì í ṣe àwọn ayé tí ẹ ń rò. Ayé tí òyìnbó ń pè ní ẹ́ẹ̀tì ni. Ẹ wá wáyà kan fún mi."

Kí Ni Ayé Ọkọ̀?

Kí á tó sọ ohun tí wáyà náà ṣe, ẹ jẹ́ kí á ṣàlàyé bí ẹ̀gbọ́n wa ti ṣàlàyé fún wa.

Iná bátìrì kì í lọ kó má bọ̀. Láti orí bátìrì tó ní àmì ìròpọ̀ ló ti ń jáde. Á gba inú fíúsì àti súìṣì kọjá, á dé inú gílóòbù, á mú òwú inú rẹ̀ gbóná títí tí yóò fi máa tàn. Lẹ́yìn èyí, ó gbọ́dọ̀ padà sí orí bátìrì kejì tó ní àmì ìyọkúrò. Bí kò bá rí ọ̀nà padà, kò ní lọ rárá. Nínú ilé, wáyà kan wà fún àlọ, òmíràn wà fún àbọ̀. Nínú ọkọ̀, àwọn tó ń ṣe é kò fẹ́ náwó lórí wáyà ìlọ́po méjì. Ara ọkọ̀ tí í ṣe irin ni wọ́n sọ di ọ̀nà àbọ̀. Wọ́n fi wáyà tó nípọn so orí bátìrì oníyọkúrò mọ́ ara ọkọ̀ àti mọ́ ẹ́ńjìnnì, wọ́n sì fi wáyà kúkurú so ìdí iná kọ̀ọ̀kan mọ́ irin tó bá wà nítòsí rẹ̀. Irin yìí ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní ẹ́ẹ̀tì, tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní gíráǹdì. Ayé ni ti àwọn ti ìṣáájú, ilẹ̀ ni ti àwọn ti ìkẹyìn. Ohun kan náà ni wọ́n ń sọ.

Ẹ wá fi ilé ìnáwó wé e. Bí èrò bá pọ̀ nílé ìnáwó, tí ẹnu ọ̀nà àbájáde sì dí, kí ni wọn yóò ṣe? Wọn yóò fo ọgbà, wọn yóò gba àgbàlá aládùúgbò kọjá. Bẹ́ẹ̀ náà ni iná. Nínú ọkọ̀ wa, iná alẹ́, iná bíréèkì àti tíráfíkétọ̀ apá òsì jọ ń lo wáyà àbọ̀ kan ṣoṣo. Nígbà tí wáyà yìí kò kan irin dáadáa mọ́, iná bíréèkì kò rí ọ̀nà jáde. Ó wá gba inú òwú tíráfíkétọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò tàn, ó gba wáyà rẹ̀ lọ sí tíráfíkétọ̀ iwájú, ibẹ̀ ló ti rí irin tó dára tó fi padà sílé. Nítorí pé àwọn gílóòbù náà ń pín agbára kan náà láàárín ara wọn, kò sí èyí tó tàn kánrin nínú wọn. Ìdí nìyẹn tí a fi ń tẹ bíréèkì tí tíráfíkétọ̀ ń yọjú. Kì í ṣe àǹjọ̀nú. Iná ń wá ọ̀nà ilé ni.

Ẹ jẹ́ kí á ṣe ìṣirò díẹ̀, nítorí akẹ́kọ̀ọ́ ni wá. Gílóòbù bíréèkì jẹ́ wáàtì 21, ti tíráfíkétọ̀ jẹ́ 21, ti iná alẹ́ jẹ́ 5. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá jọ ń tàn, wáàtì 47 nìyẹn, èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó áńpíà 4 lórí bátìrì fólìtì 12. Bí ìpáàrà bá fi ìdènà óòmù 1 péré kún ọ̀nà àbọ̀ wọn, nǹkan bíi fólìtì 3 ni yóò ṣòfò síbẹ̀, tí yóò sì ku 9 fún gílóòbù. Ẹ má rò pé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ìmọ́lẹ̀ ló kù o. Gílóòbù olówùú tó rí fólìtì 9 dípò 12 kì í fún wa ní ìdajì ìmọ́lẹ̀ rẹ̀. Ìpáàrà díẹ̀, òkùnkùn púpọ̀.

Wáyà Ẹ̀rọ Agbóhùnsókè

Ẹ padà sí Woolley Edge. Wáyà wo la fẹ́ rí lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì? Arábìnrin wa ló rántí pé wáyà ẹ̀rọ agbóhùnsókè wà nínú ẹrù. A bó ẹnu rẹ̀ méjèèjì. Ẹ̀gbọ́n ní kí á tan iná, kí á fi ẹnu kan kan irin ìdí gílóòbù níbi tí wáyà àbọ̀ ti jáde, kí á sì fi ẹnu kejì kan bóòtù tó mọ́, tí ọ̀dà kò sí lára rẹ̀, ní ìdí ìlẹ̀kùn búùtù. Bí a ṣe fi kàn án báyìí ni iná òsì mọ́lẹ̀ gbòò. A tẹ bíréèkì, ó pọ́n bí ojú abínú. A tan tíráfíkétọ̀, ó ń ṣẹ́jú bó ti yẹ, ìyókù kò mira. A hó yèè níbùdó náà tí àwọn òyìnbó fi ń wò wá.

"Ẹ ti rí i pé iná ò ní àrùn," ẹ̀gbọ́n wí. "Ọ̀nà àbọ̀ ló dí. Ẹ tọ wáyà àbọ̀ náà lọ, kí ẹ wo ibi tó ti wọ ara ọkọ̀."

A ká kápẹ́ẹ̀tì búùtù sókè. Lábẹ́ iná náà gan-an, omi ti ń ti etí rẹ̀ wọlé fún ọjọ́ pípẹ́. Bóòtù tó de wáyà mọ́ irin ti dógùn-ún, orí wáyà sì ti hu nǹkan aláwọ̀ ewé bí ewédò. Bóòtù kan ṣoṣo ni. Sípánà tú u. A kò ní sáńpépà, ṣùgbọ́n arábìnrin wa tún ní fáìlì tó fi ń tọ́jú èékánná. Òun la fi ha irin, orí wáyà àti ìdí bóòtù títí wọ́n fi ń dán. A dè é padà dáadáa, a fi Vaseline bo orí rẹ̀ kí omi má bàa tètè dé ibẹ̀. Ogójì ìṣẹ́jú ni gbogbo rẹ̀ gbà, kò sì ná wa ní kọ́bọ̀. A dé Lọ́ńdọ̀nù kí ọ̀gànjọ́ òru tó lù, ìlù sì dún nígbà tí wọ́n ń sọ ọmọ lórúkọ.

Bí Ẹ̀yin Náà Ṣe Lè Wádìí Rẹ̀

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, lẹ́yìn tí a jẹun tán, ẹ̀gbọ́n bọ́ agbádá, ó gbé mítà rẹ̀ jáde, ó sì kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́ níwájú ilé. Ohun tó kọ́ wa la kọ sísàlẹ̀ yìí.

Èkíní, ẹ kọ́kọ́ wo àpẹẹrẹ àrùn náà. Bí iná kan ṣoṣo bá kú, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì dára, gílóòbù ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Bí bíréèkì ọ̀tún àti òsì bá jọ kú lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ wo fíúsì àti súìṣì kékeré tó wà ní ìdí ẹsẹ̀ bíréèkì. Bí tíráfíkétọ̀ bá ń ṣẹ́jú ní wàrà-wàrà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, gílóòbù kan ti kú ní apá yẹn. Ṣùgbọ́n bí gbogbo iná apá kan bá rẹ̀wẹ̀sì, tàbí tí ẹ tan èyí tí òmíràn ń dáhùn, ayé ni.

Èkejì, ẹ yọ gílóòbù, kí ẹ wo ilé rẹ̀. Ìpáàrà lè wà nínú ilé gílóòbù fúnra rẹ̀. Gílóòbù tó ní òwú méjì, wáàtì 21 àti 5, ní ìṣó kéékèèké méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí wọn kò wà lójú ìlà kan náà. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló ń gbà wọlé. Ẹni tó bá fi agbára tì í wọlé sódì ti dá wàhálà tuntun sílẹ̀.

Ẹ̀kẹta, ẹ yẹ fíúsì wò. Àwọ̀ fíúsì pẹlẹbẹ òde òní ń sọ agbára rẹ̀: pupa jẹ́ áńpíà 10, búlúù jẹ́ 15, òféèfèé jẹ́ 20, aláwọ̀ ewé jẹ́ 30. Bí èyí tó jó bá jẹ́ 10, ẹ fi 10 rọ́pò rẹ̀. Ẹ má fi 30 síbẹ̀, ẹ má sì fi bébà fàdákà inú sìgá dí i láéláé. Fíúsì ni olùṣọ́. Ẹni tó bá pa olùṣọ́, wáyà ni yóò jó, lẹ́yìn wáyà, ọkọ̀ ni.

Ẹ̀kẹrin, ẹ lo wáyà àfikún bí a ti lò ó. Bí iná bá mọ́lẹ̀ nígbà tí ẹ fi wáyà náà kan irin tó mọ́ tàbí orí bátìrì oníyọkúrò, ẹjọ́ ti parí. Ẹ ṣọ́ra o: ìdí àbọ̀ ni kí ẹ fi kàn, kì í ṣe ibi tí iná ti ń wọlé.

Ẹ̀karùn-ún, bí ẹ bá ní mítà, ẹ yí i sí fólìtì. Ẹ tan iná tó ń ṣàìsàn. Ẹ fi ẹnu dúdú mítà kan orí bátìrì oníyọkúrò, kí ẹ fi ẹnu pupa kan ìdí àbọ̀ gílóòbù. Ibi tó dára kò yẹ kó ju fólìtì 0.1 tàbí 0.2 lọ. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n wọn apá òsì tí a tún ṣe, 0.05 ló kà. Nígbà tó wọn apá ọ̀tún tí a rò pé kò lárùn, 0.9 ló kà. Ọ̀tún náà ti ń bá òsì bọ̀, a kò kàn tí ì rí i lójú ni. A tú u, a fọ̀ ọ́, ó bọ́ sí 0.04.

Ibí yìí ni ẹ̀gbọ́n ti dá ọ̀rẹ́ wa onímọ̀ ẹ̀rọ lẹ́kun. Ọ̀rẹ́ wa ti fẹ́ pa iná, kó fi mítà wọn ìdènà wáyà nígbà tí nǹkan kan kò kọjá nínú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ní, "Àbúrò mi, irọ́ ló máa pa fún ọ. Wáyà tó ku fọ́nrán kan ṣoṣo á sọ fún mítà pé ara òun dá ṣáṣá. Gbé ẹrù lé e lórí ná, kí o tó bi í." Òótọ́ ni. Mítà kékeré kì í béèrè ju ẹ̀rún iná lọ, fọ́nrán kan sì tó fún ìyẹn. Ṣùgbọ́n áńpíà 4 kò lè gba ibẹ̀ kọjá. A ti kọ ọ̀rọ̀ yìí sára ògiri yàrá ìkàwé wa. Kì í ṣe wáyà nìkan ló ń sọ pé ara òun dá nígbà tí kò tí ì gbẹ́rù.

Ẹ̀kẹfà, nígbà tí ẹ bá fẹ́ tún un ṣe, ẹ pa gbogbo iná, kí ẹ kọ́kọ́ tú orí bátìrì oníyọkúrò kúrò. Ẹ ha irin dé ibi tó ń dán, ẹ ha orí wáyà, ẹ pààrọ̀ bóòtù bó bá ti jẹrà, ẹ dè é le, kí ẹ tó fi gíríìsì tàbí Vaseline bo òkè rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ wá ibi tí omi ń gbà wọlé, kí ẹ dí i. Ẹni tó fọ ìpáàrà tí kò dí omi, yóò tún un fọ̀ ní ọdún tó ń bọ̀.

Èyí tó tóbi jù nínú àwọn ayé ọkọ̀ ni wáyà tó nípọn láàárín bátìrì, ẹ́ńjìnnì àti ara ọkọ̀. Bí ìyẹn bá bàjẹ́, ẹ́ńjìnnì á máa fà tìkọ̀tìkọ̀ nígbà tí ẹ bá fẹ́ tan ọkọ̀, iná iwájú á rẹ̀wẹ̀sì, àwọn ọwọ́ aago iwájú awakọ̀ á sì máa jó láìsí ìlù. Bátìrì tó kún, tó sì ti sinmi, máa ń ka nǹkan bíi fólìtì 12.6, nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, ó yẹ kó wà láàárín 13.8 sí 14.4 nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀. Ẹ wo èyí kí ẹ tó sáré ra bátìrì tuntun.

Àwọn Ìkìlọ̀ Díẹ̀

Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé àwọ̀ wáyà nìkan. Nínú ọkọ̀ àwọn ará Jámánì, wáyà àbọ̀ sábà máa ń jẹ́ búráùn. Nínú ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, dúdú ni. Ṣùgbọ́n lára ọmọlanke ẹ̀yìn ọkọ̀ tó ní ojú méje, irú èyí tí a máa ń háyà kó ẹrù àríyá, funfun ni wáyà àbọ̀, búráùn sì jẹ́ ti iná alẹ́ apá ọ̀tún. Ẹni tó bá so búráùn mọ́ irin níbẹ̀, fíúsì rẹ̀ á jó lójú ẹsẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó wà ṣáájú òpin àwọn ọdún 1960 sì rèé, orí bátìrì oníròpọ̀ ni wọ́n ń so mọ́ ara ọkọ̀. Ẹ wò ó kí ẹ tó fọwọ́ kàn án.

Ẹ má sì gún wáyà tí ẹ kò mọ̀. Wáyà tó ní ìbòrí òféèfèé sábà máa ń jẹ́ ti àpò afẹ́fẹ́ tó ń gbani là nígbà ìjàǹbá. Èyí tó nípọn, tó ní àwọ̀ ọsàn, nínú ọkọ̀ tó ń lo iná mànàmáná ń gbé agbára tó lè pa èèyàn. Ẹ fi àwọn yẹn sílẹ̀ fún ẹni tó kọ́ ọ.

Ọ̀rọ̀ òfin náà wà níbẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yìí, láti ọdún 1960 ni àyẹ̀wò MOT ti bẹ̀rẹ̀, lónìí sì rèé, ọkọ̀ tó bá ti pé ọdún mẹ́ta gbọ́dọ̀ máa lọ fún un lọ́dọọdún. Iná wà lára ohun tí wọ́n ń wò. Nílé pẹ̀lú, Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1988, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká jẹ́ alága rẹ̀ àkọ́kọ́, kò fi ọ̀rọ̀ iná ọkọ̀ ṣeré. Ẹni tó bá ti rìnrìn àjò alẹ́ láàárín Ìbàdàn àti Òṣogbo mọ ìdí rẹ̀. Níbi tí kò sí iná ojú títì, iná ẹ̀yìn ọkọ̀ ni ohùn kan ṣoṣo tí a ní láti fi sọ fún ẹni tó ń bọ̀ pé, "A wà níbí o."

Ẹ̀yin tí ẹ sì ń gbèrò àtifi ọkọ̀ àlòkù ránṣẹ́ sílé láti Yúróòpù tàbí Amẹ́ríkà, ẹ rántí iyọ̀ tí a ní kí ẹ fi sọ́kàn. Iyọ̀ ojú yìnyín àti omi ni wọ́n jọ ń jẹ irin, wọn kì í sì í kúrò lára ọkọ̀ nítorí pé ó ti dé Àpápá. Kí ẹ tó sanwó, ẹ ká kápẹ́ẹ̀tì búùtù sókè.

Ọ̀rọ̀ Ìparí

Ohun tó dùn wá jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ìpáàrà. Ohun tó dùn wá ni pé ọ̀sẹ̀ méjì la fi mọ̀ pé iná kan ń ṣàìsàn, tí a sì ń wá àwáwí. Bí tíráfíkétọ̀ kan ṣoṣo ì bá ti sọ àwa mẹ́fà di ìròyìn tí wọn yóò fi ránṣẹ́ sílé nìyẹn. Nítorí náà, ẹgbẹ́ ti fẹnu kò pé, láti ìsinsìnyí lọ, ọkọ̀ wa kò ní gbéra lálẹ́ láìjẹ́ pé ẹnìkan dúró sẹ́yìn, ẹnìkan dúró níwájú, tí a sì tan iná kọ̀ọ̀kan wò. Ìṣẹ́jú méjì ni. A ti ra mítà kan, sáńpépà àti gílóòbù díẹ̀ sínú àpótí ẹgbẹ́; ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ yá wọn, kó bá akápò sọ̀rọ̀.

A dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n wa, bàbá ọmọ tuntun, tí kò jẹ́ kí ìwé gbàgbé iṣẹ́ ọwọ́ nínú rẹ̀. A tún tọrọ gáfárà lọ́wọ́ gbogbo àwọn rìwáyà nílé tí a ti máa ń fojú kékeré wò. Ní ti arábìnrin wa, wáyà rẹ̀ àti fáìlì èékánná rẹ̀ ló gbé wa dé Lọ́ńdọ̀nù, ṣùgbọ́n kò tíì gbà pé òun ṣì í sọ. Ó ní òun ti sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ayé ni.

Kí Ọlọ́run má ṣe jẹ́ kí á rin ìrìn àjò lọ́jọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà. Ó dìgbà kan ná.